Yàrá tí Màmá fi fún Alfa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mo tẹ̀lé Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ẹ̀gbọ́n mi, lọ sí Èkó lónìí láti lọ wo mọ́tò tó fẹ́ rà. A ò tíì dé Ṣágámù tó fi ní kí n má pè é ní mọ́tò mọ́. "Alfa ni." Orúkọ tí àwọn ará Ítálì tó ṣe ọkọ̀ náà fún un nìyẹn. Ó dáa. Láti òní lọ, Sìnyọ̀ ni màá máa pe òun náà nínú ìwé yìí. Mo kà á níbì kan pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tó bá jọjú ní Ítálì. Kò dé Ítálì rí. Kùtọnu ló dé, ọjọ́ náà ló sì padà.

Ọkọ̀ ọ̀hún: pupa, ilẹ̀kùn mẹ́rin, imú ṣóńṣó. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó wá ń ṣe bí ọkọ̀ ìje. Ó ti wà láyé kí ìyàwó Sìnyọ̀ tó wọ iléèwé. Òyìnbó tó ni ín ń kó padà sí ìlú rẹ̀ – kí ló dé tí kò gbé e dání? Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo fi àtàńpàkò tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Àtàńpàkò mi wọlé, ó yọ síta. Mo pe Sìnyọ̀ kó wá wò ó. Ó ní atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé.

Ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ló tà tó fi rà á. Ó ta ilẹ̀ tó le, ó fi ra ilẹ̀ tó ní ihò.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Okùn ni wọ́n fi fà á wá láti Èkó. Sìnyọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó ń yí ọwọ́ ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn ọlọ́kadà.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Adélékè lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Injiníà ló ní ká máa pe òun. (Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ nílùú yìí.) Ó sùn sábẹ́ Alfa, ó wá gíà títí, kò rí i níwájú. Ó dìde, ó ní àwọn ará Èkó ti yọ gíà tà. Mo ti kà á lórí fóònù pé ẹ̀yìn ni gíà irú ọkọ̀ yìí máa ń wà. Mo sọ fún un. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́." Ó yí lọ sẹ́yìn, ó bá a níbẹ̀. "Ṣebí mo ti mọ̀."

Sìnyọ̀ ń mi orí bí ẹni tó wà ní wáàsí.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Sìnyọ̀ ò jẹun. Alfa wà nínú òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti mọ ohun tó ń wá.

Yàrá iwájú ilé wa ni ìwé mi wà. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá wa ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà ńlá tó kọjú sí àgbàlá, àpá rẹ̀ ṣì hàn lára ògiri. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tí mo padà wálé láìní ìyàwó, Màmá ní kí n kó ìwé mi síbẹ̀. Òun ló nilé. Yàrá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé. Ibùsùn lásán ni ìyókù.

Lónìí Sìnyọ̀ rí àpá náà. Ó na apá méjèèjì lára ògiri, ó ń wọn ìbú rẹ̀. Ó ní Alfa á gba ibẹ̀ wọlé geerege. "Ìwé ò lè dípẹtà, Mukhtar. Kó wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń jò. Ó mọ̀.

Mo ní Màmá ló nilé, kó lọ bi Màmá. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́. Màmá ò fẹ́ràn ariwo mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ó gbà.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Sìnyọ̀ ń sọ ọ́ sí i létí. Ojú Màmá ti ṣókùnkùn láti bí ọdún méjì, etí náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, èèyàn ní láti máa lọgun. Sìnyọ̀ ní òun fẹ́ mú Alfa wálé, pé Ítálì ló ti wá, kò níbi tó máa dé sí. Màmá bi í bóyá títí láé ni. Títí láé. Ṣé ó ti dàgbà? Sìnyọ̀ ní ó ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò láfiwé, ọjọ́ tó bá la ohùn, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde á gbọ́. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní òun fi Ọlọ́hun jẹ́jẹ̀ẹ́: Alfa lòun fi yàrá iwájú fún, ẹni tó bá sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ò ní forí jì í.

Fún mọ́tò. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó láàárín àwọn ìwé, mi ò ṣí ìkankan.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lódì. Kì í ṣe Alfa ni Màmá wí. Ààfáà ni.

Fàtímọ̀, ìyàwó Sìnyọ̀, ló tú u fó. Màmá ní kó ra ẹní tuntun àti kẹ́tùrù àlùwàlá sí yàrá iwájú. Ó tún bi í bóyá Ààfáà tó ń bọ̀ lè jẹ ìkọ́kọrẹ́, nítorí ará òkè òkun ni. Fàtímọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó. "Bọ̀dá Mukhtar, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé epo bẹntiróòlù ni Ààfáà ń mu."

Lẹ́yìn náà ó nu omijé ẹ̀rín. Ó ní Màmá sọ fún òun pé láti ìgbà tí ojú òun ti lọ, kò sẹ́ni tó ń ka Kùránì fún òun. Rédíò wà, ṣùgbọ́n rédíò kì í dúró níbi tí òun bá fẹ́ kó dúró.

Ọ̀rọ̀ náà bá èmi náà wí. Mo ń gbé inú ilé kan náà.

Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Sìnyọ̀. Mo rò pé ojú á tì í. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ronú, ó ní: "Má tíì sọ fún un. Jẹ́ kí bíríkìlà kọ́kọ́ ṣí ògiri."

Ọkùnrin tí kò lè pe mọ́tò ní mọ́tò nítorí fáàrí. Fáàrí ọ̀hún ló ṣi ìyá wa lọ́nà, òun ló tún wá fẹ́ fi gba yàrá. Àwọn ìlú ńlá ti wó nítorí irú èyí, mo ti kà nípa wọn, ṣùgbọ́n àwọn yẹn tiẹ̀ ní ẹṣin tó ń rìn.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dé ẹnu ọ̀nà Màmá lónìí láti sọ ọ́. Ó ń kí Ààfáà kú àbọ̀ lóun nìkan, jẹ́jẹ́, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìkíni kí àlejò tó dé. Mo padà.

Ṣé nítorí ayọ̀ rẹ̀ ni mi ò ṣe sọ ọ́? Àbí nítorí ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e: kí ló dé tí èmi ò ka Kùránì fún un? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mi ò ti kírun. Kò sẹ́ni tó bi mí rí nínú ilé yìí. Wọ́n rò pé ìwé ló ń gba àkókò mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Bíríkìlà dé. Ògiri ti ṣí. Ìwé ìtàn ìlú Róòmù mi ti wà nínú àpò sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò gba ihò wọlé. Mo fa tapólì tí Sìnyọ̀ rà fún Alfa, mo fi bo àwọn ìwé. Ó bínú. Ó ní tapólì ará Ítálì ni. Mo wo etí tapólì: Ṣáínà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Jímọ̀, 3 Oṣù Kẹwàá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Màmá wọ funfun, ó di ọwọ́ Fàtímọ̀ mú, wọ́n dúró ní àgbàlá. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. A gbọ́ Alfa kí á tó rí i, ó ń wúkọ́ láti ìkóríta. Rọ́bà tó ń gbé omi ti bẹ́ – ti jẹnẹrétọ̀ ni Injiníà fi sí i, Sìnyọ̀ ló ní kó máa lò ó bẹ́ẹ̀ ná. Gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì ń rú èéfín.

Sìnyọ̀ bọ́ sílẹ̀. "Màmá, Alfa dé."

Màmá tẹ̀ síwájú. "Àsàlámù àlékùm, Ààfáà."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Omi ń hó nínú rádíétọ̀. Ó tún kí i, ohùn rẹ̀ lọ sókè díẹ̀, bóyá àlejò náà ò gbọ́ràn bíi tòun. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yára fà á padà.

"Ara Ààfáà gbóná."

Fàtímọ̀ fi ìborùn bo ẹnu. Màmá tún na ọwọ́, ó rọra ń tọ́ ọ wò láti ẹ̀gbẹ́: ilẹ̀kùn, dígí, gíláàsì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Sùnmọ́nù. Mọ́tò lò ń pè ní Ààfáà?"

"Orúkọ rẹ̀ ni, Màmá."

Mo ń retí kí ó gbé e ṣépè. Ẹ ò ní gbàgbọ́ – ta ni mò ń pè ní ẹ? Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní ẹ̀jẹ́ ti jáde lẹ́nu òun, Ààfáà lòun fi yàrá fún. Mọ́tò ò lè jẹ́ sálámà, kò lè gbébẹ̀. Sìnyọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná títí Ààfáà kan á fi dé.

"Ààfáà wà nílé," Màmá ní. Ó yí ojú rẹ̀ sí apá ibi tí mo dúró sí. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀. "Mukhtar, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló parí kéwú? Ta ni mo ṣe wòlímọ̀ fún?"

Ó ní yàrá mi ni, tí mo bá ń ka Kùránì fún òun níbẹ̀ láràárọ̀. Tí mo bá kọ̀, kí ihò náà wà bẹ́ẹ̀, kí òjò máa gbébẹ̀.

Sìnyọ̀ wò mí. Èmi náà ń wo mọ́tò.

Mo gba inú ihò wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Mo lè sọ fún un pé mi ò gbàgbọ́ mọ́. Ìyẹn ni òótọ́, ó sì yẹ kí ẹni tó kàwé tó mi máa sọ òótọ́. Mo tún lè máa kà á bí èèyàn ṣe ń ka ìwé. Ṣé ẹnu ló ń kàwé àbí ọkàn?

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fi ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, tó ń pe nǹkan ní Alfa tí kì í ṣe Ààfáà.

Mo tú àwọn àpò sìmẹ́ńtì wò. Kùránì mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ Róòmù. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ní in.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Láàárọ̀ yìí, Alfa wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, Sìnyọ̀ ti rì sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń bú Injiníà. Mo tẹ́ ẹní tuntun. Mo ṣe àlùwàlá, mo ṣi ẹsẹ̀ kan fọ̀, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Fàtímọ̀ mú Màmá wọlé, ó jókòó, ó fi ọwọ́ wá etí ẹní.

"Ṣé Ààfáà ti jókòó?"

Níta, Sìnyọ̀ gbé orí sókè.

Mo ní, "Mo ti jókòó, Màmá."