Ilẹ̀kùn Àká Bàbá

                                        Ilé Bàbá Wa,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Àgbàdo.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́wọ́ Bàbá,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o sùn? Ara tiwa le níbí. Èmi ń sọ, ìyàwó mi ń kọ. Ibikíbi tí o bá ti rí èébú mi, ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi kọ́ nìyẹn.

Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí n fi ọkọ́ sílẹ̀, pẹ́ńsù aláwọ̀ tí ọmọ mi obìnrin rà fún mi ni mo fi ń ṣeré. Bébà tètè sú mi. Mo ya àgùtàn sára páànù, pẹ́ńsù kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Bíríkì gbà á, àmọ́ ó ń jẹ pẹ́ńsù bí ẹni ń jẹ ìrèké. Pákó ló wá bá mi lára mu. Tí mo bá kọ́kọ́ fi funfun tẹ́ ẹ, tí mo wá ń fi àwọ̀ mìíràn lé e díẹ̀díẹ̀, ara èèyàn á jáde bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orí mi wú.

Ni mo bá wo ilẹ̀kùn àká Bàbá, mo ní màá ya ojú Bàbá sí i lára. Mo mọ̀ pé nígbà tí a pín ogún, òun nìkan lo ní o fẹ́, o sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí o fi máa wá gbé e. Ìyàwó mi rán mi létí. Mo ní, "Ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Tí àbúrò mi bá bá ojú Bàbá lára rẹ̀, ijó ni yóò jó." Ó ní, "Ẹ ò gbọ́ràn rí, ẹ ò ní í bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ibi tí Bàbá máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì láràárọ̀, tó dúdú tó ń dán yẹn, kò gba pẹ́ńsù. Òógùn ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú igi. Mo bá mú sáńpépà, mo fá a títí ó fi funfun. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń fá a.

Àwòrán náà dára, mi ò ní í purọ́. Káfíńtà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú, ó kí àwòrán náà pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," kó tó bú sẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi lọ síbi tó máa ń lọ, kò bá ibi dídán yẹn mọ́. Mo sáré wá eruku igi náà. Mo ti gbá a dànù. Mo fi pẹ́ńsù dúdú àti búráùn kun ibẹ̀ léraléra. Ìdọ̀tí ló jọ. Mo nù ún kúrò.

Àbúrò mi, ó dùn mí dé eegun. Ojú Bàbá ni mo fẹ́ fún ọ, mi ò rò ó pé ọwọ́ rẹ̀ lò ń wá. Láràárọ̀ báyìí ni mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti ibẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi kéré, ọjọ́ tó kù fún mi kò sì lè mú un dúdú. Ìwọ lo jogún ọwọ́ rẹ̀. Tí o bá dé, kí o tó bú mi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ ti ilẹ̀kùn náà.

Bá mi kí gbogbo ilé. Ìyàwó mi kí ọ. Ó ní òun kò fi nǹkan kan kún un.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                        Olóríkunkun.