Ìdajì Imú Ìyá Rẹ Tó Wà Lára Rẹ

Ọmọ mi,

Ọjọ́ tí búrẹ́dì jóná lẹ́yìn ìyá rẹ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Èéfín ti ń yọ létí ilẹ̀kùn ààrò, èmi tí mo wà ní ẹ̀yìnkùlé ti gbóòórùn rẹ̀, mo sì ń sáré bọ̀, àfi bí mo ṣe bá ìyá rẹ tó ń nu tábìlì, tó ń fi imú kọrin jẹ́jẹ́. Mo pariwo. Ó ní ṣé mo fẹ́ pa òun ni, pé òun mọ̀, pé òun fẹ́ kó pọ́n dáadáa ni. Ọmọ mi, búrẹ́dì yẹn kò pọ́n o, èédú ni.

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìrìn. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Káfíńtà ti tún òrùlé yàrá rẹ ṣe, kò jò mọ́, ó ní kí n bá òun kí ìwọ Imú-ajá. Mo ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kọ́ là ń pè ní Imú-ajá mọ́, ó ní nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ imú náà lò ń ṣe níbẹ̀, òun ò rí ohun tó yí padà.

Àṣé látìgbà tí ibà àti ọ̀fìnkìn ti dá ìyá rẹ wó ni imú rẹ̀ ò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá rántí pé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, kó tó yọ búrẹ́dì, á ní kí n wá bá òun wò ó, pé ojú ń dun òun. Ojú kọ́ o. Imú mi ló ń yá lò. O sì mọ̀ pé ìyá rẹ kò fi aago ṣe búrẹ́dì rí, òórùn ló ń sọ fún un pé ìyẹ̀fun ti wú tó, òun náà ló ń sọ fún un pé ó ti jinná. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn. Ìyá onítíì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé ti ń ra tirẹ̀ níbòmíràn. Bó bá ń lọ báyìí, ààrò yẹn á kú, ìyá rẹ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán.

Ibi tí tìrẹ ti wọ̀ ọ́ rèé. O ti ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé àwọn nǹkan kan wà nínú imú tó ń gba òórùn mú, pé oríṣi wọn tó irinwó, pé inú DNA ni ìlànà bí ara ṣe ń ṣe wọ́n wà. O ní ẹ ń ṣe ẹ̀dà ìlànà náà sínú àwọn kòkòrò tíntín tí ojú ò lè rí, bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀dà ń pọ̀ sí i, ẹ ó wá tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò kékeré nínú fìríìjì. Èmi kàn ń ní hẹn, hẹn. Ìsinsìnyí ló wúlò fún mi. Nínú irinwó, ẹ bá mi yọ díẹ̀ fún ìyá rẹ. Ti búrẹ́dì, ti èéfín àti ti yíìsì ti tó. Ti ṣaláńgá aládùúgbò wa, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

Mo ti kọ́kọ́ dá a gbìyànjú. Mo wé aṣọ ìrọ̀rí tó ń sùn lé kó tó ṣàìsàn sínú ọ̀rá, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, kí ẹ fi ṣe ẹ̀dà imú rẹ̀ àtijọ́. Ìyá rẹ rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ni mo ń tọ́jú ìdọ̀tí sí, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó tún lọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí o sọ, pé ìdajì ìlànà ara rẹ, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, ìdajì ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Á jẹ́ pé tirẹ̀ ṣì wà lára rẹ níbi tí ibà ò dé. Tirẹ̀ ni kí o mú o. Má lọ ṣèèṣì mú tèmi, èmi tí mi ò mọ kẹrosíìnì yàtọ̀ sí omi òjò.

Mo pè ọ́ lánàá, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, fún ìwádìí nìkan ni ẹ̀dà wọ̀nyẹn, a kì í fi sára ènìyàn. Ó ní ìlànà yẹn ṣì pé lára Màmá, ibi tó ń lò ó nínú imú ni àìsàn bà jẹ́, ó sì lè padà díẹ̀díẹ̀ bó bá ń gbóòórùn nǹkan kan náà láràárọ̀ lálaalẹ́. Ọmọ dáadáa ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni mo rò pé ó ń ṣọ́ fìríìjì. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́ nǹkan ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Owó kọ́ ni mo ń béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Bí ìgò náà kò bá ṣeé ṣe, tí gbígbóòórùn yìí sì jẹ́ òótọ́, mi ò mọ bí n ó ṣe gbé nǹkan síwájú ìyá rẹ lójoojúmọ́ tí kò ní mọ̀ pé mo ti já a. Òun tí kì í jẹ́ kí n sún mọ́ ààrò, pé mo ń dí òun lọ́nà, a ti ń dúró síbẹ̀ pọ̀ láràárọ̀ báyìí. Kí n má parọ́ fún ọ, ó ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá lanu, ojú á tì í, á sì pa ààrò náà tì.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yọrí sí ayọ̀. Ìwọ tí o mọ̀ nípa imú, tí o sì mọ ìyá rẹ, gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sọ fún un pé mo mọ̀, àbí kí n dúró títí òun fúnra rẹ̀ á fi sọ fún mi?