Igbá tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Dé Létí Afárá

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹjọ, 1971. Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Arúgbó mi ní òun fẹ́ lọ sílé. Mo ní, ilé wo? Ó ní, ilé òun.

Ìyá bàbá mi ni. Òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Yàrá ẹ̀yìn tí a jọ ń sùn ni mo mọ̀ sí ilé rẹ̀. (Màmá ni mo ń pè wọ́n lójú wọn, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ wọ́n. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń ya ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́.) Àdíját ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Lónìí ló sọ fún mi pé kí òun tó dé Òṣogbo, Fẹ̀hìntọlá lòun ń jẹ́.

Ojú rẹ̀ ló fà á. Funfun ti bo ọ̀kan, èkejì ń tẹ̀ lé e. Ó ní òun fẹ́ rí omi Ẹ̀rìn, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí èyí tó kù tó kú. Bàbá mi rò ó títí. "Sikirat, ìwọ ni kó o mú wọn lọ. Kó o sì mú wọn padà wá bá mi." Mo ní ẹ̀ẹ́n, sà. Iṣẹ́ tíṣà mi di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹtì, 13.

Arúgbó di ẹrù bí ìyàwó tuntun. Aṣọ òkè kan jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí – n kò rí i rí. Mo bi í léèrè. Ó ní kí n bá òun ká a dáadáa.

Àbámẹ́ta, 14. Iléṣà.

Ọkọ̀ Pijó. Awakọ̀ kan tó ń kọrin lábẹ́ imú – mo sọ ọ́ ní Kòkòrò-Oyin. Oko kòkó lọ́tùn-ún lósì, kùrukùru lórí gbogbo òkè. Arúgbó ń bi mí lọ́nà gbogbo: kí lo rí? Òkè, mà. Òkè tó rí bí kí ni? Bí ràkúnmí tó kúnlẹ̀, mà. Ó ní, "Kì í ṣe òun. Ó kù."

A wọ̀ sọ́dọ̀ Àǹtí Phebe, aránṣọ, ọmọ àbúrò Arúgbó tó ti kú. Nínú gbogbo ará ilé wọn, òun nìkan ló mọ ilé wa l'Óṣogbo. Ó ń gba àdúrà alẹ́ lórí oúnjẹ, Arúgbó sì ṣe àmín kíkankíkan. Àǹtí ní, "Màmá, ẹ̀yin onímàle, ẹ ń bá wa ṣàmín?" Arúgbó ní, "Iṣu rẹ lo fi ń bọ́ mi. Àmín wo ni n ó wá fi du ọ́?"

Nígbà tí Arúgbó sùn ni Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi, níbi tí a ti ń fọ abọ́. Arúgbó kì í ṣe ará Ẹ̀rìn gan-an; abúlé kan tó ń jẹ́ Òkè-Àkùrọ̀, nísàlẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti bí i. Wọ́n ti fi í fún ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fẹ́. Bàbá àgbà mi wá ra obì láti Òṣogbo, Arúgbó sì bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé wọn dé etí odò. Kò nà án. Ó fi igbá bu omi odò náà, ó dà á nù lójú rẹ̀, ó dojú igbá náà dé létí afárá. Ó ní omi ibẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu mọ́, kò sì gbọdọ̀ kọjá afárá náà wọlé, àfi ọjọ́ tí òun bá fi ọwọ́ ara òun ṣí igbá, tí òun sì fi bu omi fún un.

Nígbà tí ìyá wọn kú, Arúgbó wá. Ó jókòó sí òdìkejì odò, ó ń gbọ́ ẹkún ilé wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó padà sí Òṣogbo.

Ẹ̀gbọ́n náà ṣì wà láyé. Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ó ti gbé igbá náà kúrò létí afárá lọ sí àjà rẹ̀, ní ìdojúdé.

Kì í ṣe omi Ẹ̀rìn nìkan la wá wò, nígbà náà.

Àìkú, 15.

Àǹtí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti Arúgbó rìn dé iwájú ààfin Owá. Ó fọwọ́ kan ògiri ìta, ó ń fi í wá nǹkan kan, ó ní ibẹ̀ ni bàbá òun gbé òun lé èjìká kí òun lè rí àwọn ìjòyè. Ó ní ògiri ìgbà yẹn ga jù báyìí lọ. N kò sọ fún un pé òun ló kéré nígbà yẹn. Ó mọ̀.

Ajé, 16. Ẹ̀rìn.

A wọ̀ sílé ọ̀rẹ́ Àǹtí Phebe. Lẹ́yìn ọ̀sán a lọ síbi omi.

A ti ń gbọ́ ọ kí a tó rí i. Lẹ́yìn náà, funfun – láti orí àpáta tó ga ju igi gbogbo lọ, ó ń já bọ́, ìrì rẹ̀ ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Ewédò lára òkúta. Ọ̀bọ méjì ń wò wá bí ẹni tó ni ilé. Arúgbó gbé ojú sókè. Ó ní òun rí funfun rẹ̀. Ó nawọ́ sí omi, ó tún fa ọwọ́ padà bí ẹni pé iná ni.

Mo ti mu ún kí n tó rántí. Ojú tì mí. Ó ní, "Mu. Kò sẹ́ni tó dojú igbá dé ìwọ."

Mo bi í ìdí tó fi ń gbọ́rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Òun ló ru mí lẹ́yìn kọjá odò yẹn nígbà tí n kò tíì lè rìn. Bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ǹ bá ti wọlé láti ọjọ́ kejì."

Ìṣẹ́gun, 17.

Òkè-Àkùrọ̀. Pákó ni afárá báyìí. Odò yẹn náà ni, ó ń ti ibi àpáta Ẹ̀rìn bọ̀. Arúgbó jókòó lórí òkúta kan ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. Èmi àti Àǹtí kọjá.

Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ nínípọn bò ó láti ìbàdí dé ẹsẹ̀. Kò dìde. A kúnlẹ̀. Àǹtí rò fún un, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi Jésù bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri – orúkọ tí mo fún un nìyẹn.

Bí a ṣe ń jáde, ìyàwó rẹ̀ sá tọ̀ mí láti ẹ̀yìn ilé, ó fi abọ́ omi lé mi lọ́wọ́. "Gbé e fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi." Mo rìn jẹ́ẹ́jẹ́ kó má baà dànù. Inú mi ń dùn. Mo rò pé èmi ni n ó parí ìjà náà.

Arúgbó gba abọ́. "Ta ló bù ú?" Ìyàwó wọn, mà. Ó da omi náà sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, síbi tí koríko wà. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ilẹ̀kùn ni yóò ṣí i."

Abọ́ náà wúwo nígbà tí mo ń gbé e padà, òfìfo.

Ọjọ́rú, 18.

Ọjọ́ méjì létí afárá. Òjò wẹliwẹli. Arúgbó kọ̀ láti wá ibòmíràn jókòó sí. Mo fi agbòòrùn bò ó.

Ìyá arúgbó kan ń lọ sóko, ó dá a mọ̀. "Fẹ̀hìntọlá, o ò tíì délé láti ìgbà yẹn?" Arúgbó ní, "Mo ń bọ̀ lọ́nà." "Yára o, kí ọbẹ̀ má tutù." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ìyá náà fi etí ìró nu ojú, ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò níṣẹ́ kankan. Mò ń wo odò. Ewé kòkó. Ìfófòó ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ihá ẹyìn, pupa, ó ń wọ́ lọ lábẹ́ afárá – ẹnì kan ń fún epo lókè odò.

Ọjọ́bọ̀, 19.

Mo dá lọ sílé Ògiri. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bá ìyàwó rẹ̀ tó ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Aṣọ ti ká sókè. Ẹsẹ̀ náà wú bí ìrọ̀rí, awọ rẹ̀ ń dán, ó ń ṣomi. Ó fa aṣọ bò ó, ó ti pẹ́ jù.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "O ti rí i. Gbogbo ayé ń sọ pé mo kọ̀. N kò kọ̀. Ó ti pẹ́ tí ìbínú ti tán lára mi, mò ń ṣe bí ẹni tí kò tán nítorí ìtìjú. Ìgbà tí mo wá fẹ́ lọ síbi afárá, ẹsẹ̀ kọ̀."

Mo ní, ṣé wọn ò lè fi àga gbé yín dé ibẹ̀, sà?

"Òkú là ń gbé jáde nílé yìí."

Mo ní, ṣé ẹlòmíràn ò lè bá yín gbé e dé ibẹ̀, sà?

"Ẹnu mi ló sọ pé ọwọ́ mi. Ẹnu yìí ni mo fi ń gbàdúrà."

Ìyàwó rẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn ilé níbi ìwẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e dé mọ, ìyẹn náà lórí èjìká òun. Mo wo ẹ̀yìn ilé. Odò. Ibi tí wọ́n ti ń fún epo létí rẹ̀, àti ihá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Mo ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ fún epo lánàá?"

Ìyàwó ní òun ni.

Mo ní, "Ihá yín kọjá lọ́dọ̀ wa."

Bàbá náà ń wo odò bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Níléèwé ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ìyẹn?" Rárá, sà, ihá ni mo rí. Ó rẹ́rìn-ín, mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni.

Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé igbá náà sọ̀kalẹ̀, kó má ṣí i. Ó gbé e wá lórí atẹ, ní ìdojúdé bó ṣe wà, bí ẹni gbé ẹyin.

Mo sọ fún Arúgbó pé kó wà létí odò láàárọ̀ ọ̀la, igbá yóò gba ojú omi wá. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n òun kò lè wá fúnra rẹ̀. Mo wolẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni?" Ó tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bàbá wa."

Ẹtì, 20.

Mo ní láti kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a débẹ̀. Arúgbó wọ aṣọ òkè náà. Òun ló wọ̀ jáde lọ́jọ́ tó ń bá bàbá àgbà mi lọ – òwúrọ̀ yìí ló sọ ọ́. Àǹtí Phebe ti wà lọ́dọ̀ Ògiri. Èmi dúró lórí òkúta lábẹ́ afárá.

Èmi ń wò, Arúgbó ń tẹ́tí. "Ṣé ó ti ń bọ̀?" Rárá, mà. "Ojú ẹ ṣì dáa?" Ó dáa, mà. "Bó o bá jẹ́ kó kọjá, n ó tà ọ́ fún awakọ̀ tó ń kọrin yẹn."

Lẹ́yìn náà mo rí i. Igbá kékeré, èéfín àjà ti sọ ọ́ di dúdú, ẹnu rẹ̀ sókè. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀nà. Ó wọ abẹ́ ewéko, ó tún jáde. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ni gbòǹgbò kan mú un. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mì.

Mo ti ká aṣọ sókè. Arúgbó ní, "Sikirat. Má fọwọ́ kàn án."

Mo ní ibẹ̀ jìn, mà.

"Mo mọ bó ṣe jìn. Ibi tó wà ni kó o sọ fún mi."

Ó bọ́ sódò. Mo ń sọ: ọ̀tún, mà. Síwájú. Ọ̀tún sí i. Omi dé orúnkún, ó dé itan, aṣọ òkè náà ń wúwo mọ́ ọn lára. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá kiri lójú omi bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ó kàn án. Kò gbé e lójú ẹsẹ̀. Ó fi ìka yí etí igbá náà ká, títí ó fi dá a lójú pé ẹnu rẹ̀ wà lókè. Ó ní bísímílà. Ó mu ún.

Mímu náà pẹ́ ju omi inú rẹ̀ lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá afárá, omi ń kán lára rẹ̀. Ògiri ṣì wà lórí òkúta lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ṣí igbá náà, kò lè dìde. Arúgbó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Fẹ̀hìntọlá. O pẹ́ lọ́nà."

"Ẹ̀yin náà, ẹ tètè ṣí i ni?"

Àǹtí Phebe dá orin ẹ̀mí.

Àbámẹ́ta, 21.

Wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé látàárọ̀, wọ́n ń ka àwọn tó ti kú. Nígbà tó kan ìyá wọn, Arúgbó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó nàka. Arúgbó kò rí ìka náà. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo nà án sí ibẹ̀.

Àìkú, 22.

Mo di ẹrù. Arúgbó ní, "Tìrẹ nìkan ni kó o dì."

Mo ní Bàbá ní kí n mú yín padà, mà. Ó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ojú rẹ̀ dáa, ẹsẹ̀ ni kò ní. Èmi ní ẹsẹ̀. Sọ fún bàbá rẹ pé mo ti délé."

N kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. N kò mọ ẹni tí n ó máa bá sùn ní yàrá ẹ̀yìn.

Ó sìn mí dé afárá. Ó bu omi fún mi, mo mu. Ó ní kí n máa lọ, kí n má bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo kọjá tán, mo bojú wẹ̀yìn. Kò lè rí i pé mò ń wò. Ó da ìyókù omi náà nù. Igbá náà dojú kọlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó tún bu omi, ó fi ọwọ́ kejì wá igi afárá, ó ń gbé e lọ sílé.