A Pe Kínúwà ní Ọkà

Àtìní, 7 oṣù kẹwàá
Alàájì, ọ̀gá wa níléeṣẹ́ ìtumọ̀, gbé ìwé oúnjẹ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lé èmi àti Mojọlá lọ́wọ́. Ká túmọ̀ ẹ̀. Kínúwà, báálì, óòtì, àwọn oúnjẹ oníhóró ìlú òyìnbó — n ò rí ọ̀kankan nínú wọn rí l'Ọ́jà'ba. Ìyẹn ò dùn mí. Mojọlá ló dùn mí. Ọ̀mọ̀tán ni mo ń pè é nínú ìwé mi yìí.

Àtàláátà, 8
Mo ní ká fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, ká ṣàlàyé sí i. Ọ̀mọ̀tán rẹ́rìn-ín, lójú Alàájì. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀, ìmẹ́lẹ́ ni. Mo kọ àlìkámà fún wíìtì, ó fi bírò pa á rẹ́: "Èdè Hausa nìyẹn. Yorùbá là ń kọ." Ohun tí ìyá tó bí ìyá mi ń pè é! Inú ń bí mi títí mo fi délé ní Mọ́lété.

Àlàmísì, 10
Ọ̀mọ̀tán ti rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn: ọkà. "Ẹ máa jẹ ọkà láàárọ̀ àti lálẹ́." L'Óǹdó tiwọn, àgbàdo ni ọkà. N'Íbàdàn ńkọ́? Àmàlà! Kò sí agboolé tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Mápó dé Bẹẹrẹ — àfi òun. Alàájì ò kà á, ó kàn buwọ́ lù ú. Ọ̀mọ̀tán bi mí bóyá mo ní nǹkan í sọ. Mo ní rárá. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kí gbogbo ìgboro fi í ṣẹ̀sín.

Àtìní, 28
Ìwé ti dé àwọn ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni ò tíì rẹ́rìn-ín.

Jímọ̀, 15 oṣù kọkànlá
Wọ́n gbé Màámi dìgbàdìgbà láti Bẹ́yẹrúnkà lọ sílé ìwòsàn ní Yemẹtu. Ṣúgà wọn ló ròkè. Ó ti pẹ́ tí mo ti yà kí wọn — iṣẹ́, iṣẹ́. Yáà Allah.

Sátidé, 16
Màámi ti lajú. Mojọlá wá kí wọn, ó gbé ọsàn dání. Màámi dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń ṣàdúà fún un. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ yìí. Dókítà ti gba ọkà lẹ́nu mi tipẹ́, ìwé yín ló dá a padà. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ ni mò ń jẹ ẹ́ lálẹ́."
Mojọlá ní, "Ọkà wo, Mà?"
"Ọkà tá a fi èlùbọ́ rò. Èwo ló tún wà?"
Mojọlá yíjú sí mi. Ó wò mí, wò mí, omi lé sí i lójú.
"Kúlúsúmù. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ́. O mọ̀."
Òótọ́ ni. Mo ṣì kórìíra ẹ̀.
Màámi ń wojú àwa méjèèjì. "Kí ló mọ̀?"