Igi Ìwọ̀ Yín Bá Omi Lọ

Bàbá mi, apẹja Odò Ọbà,

Èmi ni, ọmọ yín tó wá sí Èkó. Mo ti sùn lórí páálí lábẹ́ àtẹ àwọn oníṣu ní Ọ̀yìngbò, òjò rọ̀, páálí tú, mi ò padà sílé. Mo ti ru ẹrù títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Mo ti fi bẹntiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó títí awọ ìka mi fi bó. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó bomi fún mi mu. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi ní Ládìpọ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo jókòó síwájú eérú, mo ń ta èyí tí iná ò jẹ tán. Lónìí ńkọ́? Bí ẹ bá dé Ládìpọ̀ tí ẹ béèrè ẹni tó mọ gíà mọ́tò jù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa júwe fún yín. Mo kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Sùúrùlérè, Bàbá. Ìwé kékeré ni mo kà, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo sì máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́, àfi Ọlọ́run àti orí mi.

Ṣé ẹ rántí igi ìwọ̀ yín? Igi pẹlẹbẹ yẹn tí ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ fúnra yín, tí ẹ máa ń wé okùn ìwọ̀ mọ́. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìyá mi pàápàá, bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, wọ́n máa ń gbá a yí igi náà ká ni. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ l'Ékòó lẹ gbé e lé mi lọ́wọ́, ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kọjú sí odò. Kí lẹ fẹ́ sọ ná? Mo ti bi ara mi títí. Okùn rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́, àmọ́ igi náà ń bẹ lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà rò pé oògùn àwúre ni. Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tí iná ń jó, òun ni mo kọ́kọ́ gbé sá jáde. Àwọn ọmọ mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nísinsìnyí, Múfú. Káfíńtà ni, ọmọ Èkó pọ́ńbélé, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ni wọ́n bí i sí. Òun ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé mi. Àwa méjèèjì ti dàgbà, a ti fi iṣẹ́ lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ló bá ní kí n máa bá òun lọ ju ìwọ̀ ní Sátidé, létí odò kan tó wọ inú ọ̀sà lẹ́yìn Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Mo ní, "Ìwọ fẹ́ kọ́ mi ní ẹja pípa? Ṣé o mọ bàbá tó bí mi?"

Ó ní, "Bàbá tó bí ẹ ò sí ńbí, ará òkè. Gbé àga ẹ."

Sátidé tó kọjá, mo mú igi yín dání. Mo ní kí òun náà rí omi, ó ti pẹ́ tó ti ń wo gíà mọ́tò. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti fà, ẹrọ̀fọ̀ dúdú ti yọ síta, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Múfú gbé àga tirẹ̀ sórí òkìtì lókè, lẹ́bàá àwọn gẹdú. Èmi gbé tèmi lọ sísàlẹ̀ pátápátá.

Ó ní, "Ọ̀gá Ládìpọ̀, kúrò níbẹ̀. Omi ń bọ̀."

"Omi wo? Òjò rọ̀ ni?"

"Omi òkun ni."

Mo ní kó lọ sọ ìyẹn fún ẹni tí wọn ò bí sétí odò. Mo bọ́ bàtà, mo gbé igi yín lé e lórí, mo so okùn ìwọ̀ mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo dijú. Bàbá, oorun etí odò yẹn! Ṣé bó ṣe máa ń rí lára yín nìyẹn, tí ẹ fi máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun?

Ẹja kọ́ ló jí mi. Ìdí mi ló tutù. Omi ti dé orí àga, Múfú sì ń pariwo lókè: "Ẹja ńlá ti wọ Èkó o! Ó tún jókòó sórí àga!" Ó ní òun ti pè mí títí, pé híhanrun ni mò ń hanrun. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Bàtà ò sí. Igi yín ò sí.

Mo sáré gba apá ọ̀sà lọ, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ohun tí odò bá gbé, ìsàlẹ̀ la ti ń wá a. Múfú di ẹ̀wù mi mú.

"Apá ibẹ̀ kọ́. Ó ti gbé e lọ sókè."

"Odò ń ṣàn lọ sókè?"

"Tibí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òkun ló ń tì í. Tó bá yá, á padà. Jókòó."

Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún mi pé kí n jókòó. Mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn títí dé ẹnu ọ̀sà, mo bi gbogbo ọlọ́kọ̀ ojú omi tí mo rí. Wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tí mo padà, Múfú ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Mo jókòó sórí gẹdú, mi ò lè jẹ ẹ́. Bí mo ṣe jókòó gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí ìròyìn yín dé bá mi, tí mi ò rí mọ́tò tó máa gbé mi délé kí wọ́n tó bo ilẹ̀ mọ́ yín lórí. Ta ló gbé orí yín lé itan nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára yín? Mi ò bi Ìyá mi rí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, omi náà dúró. Bàbá, ó dúró bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àgbọn kan, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ bàtà mi kan ṣoṣo. Múfú dìde, ó kí i: "Ẹ káàbọ̀ o, Ọ̀gá Bàtà! Ìyàwó yín ńkọ́?" Mi ò tíì dá a lóhùn tí mo fi rí igi yín láàárín odò, ó ń yí gbirigbiri bọ̀. Mo pariwo. Kí n tó ká ṣòkòtò mi sókè, Múfú ti wà nínú omi dé àyà, tòun ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún, tòun ti ẹ̀wù tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìkómọ nírọ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi náà wá.

Ó ní, "Gba bàbá ẹ."

Mo fẹ́ dúpẹ́. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Aṣọ ẹ tutù."

Ó ní, "Ìdí tìẹ náà tutù."

Ṣé ẹ mọ̀ pé odò kan wà tó máa ń bojú wẹ̀yìn, Bàbá? Àbí ẹ ò mọ̀, torí ẹ ò dé Èkó rí?

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ra okùn tuntun, màá wé e mọ́ igi yín. Ibi tí Múfú bá nawọ́ sí ni màá gbé àga mi sí. Màá sì gbé igi náà lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò kọ́kọ́ ju ìwọ̀.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ní Sùúrùlérè.