Èsì tí mi ò fọ̀ fún ìyá Steve

Douala, oṣù kẹta, ọdún 1996

Ẹ̀gbọ́n mi Èjìdé,

Ẹ kú àmójútó ilé. Ẹ bá mi kí bàbá wa àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Nùsíràt ìyàwó mi ti rọlẹ̀. Ammar ọmọ wa ń gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ.

Ọpẹ́ gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Wọ́n pa Steve, ọmọ aládùúgbò wa tó ń ṣe ṣójà, ní Bakassi, níbi tí àwọn ṣójà ibí ti ń bá ti Nàìjíríà jà. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Mboppi, ó ń pariwo pé, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà lẹ pa á!"

Èsì pọ̀ lẹ́nu mi, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀: èmi kọ́ ni mo yìnbọn. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ẹ sọ nígbà tí ìyá wa kú, pé a kì í fi ọgbọ́n orí bá ẹni tó ń sunkún jiyàn. Mo gbé àga fún un. Èmi náà bú sẹ́kún, torí èmi ni mo kọ́ Steve bí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Papa Ammar, ó fẹ́ràn rẹ."

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi ìyá Steve sínú àdúà yín. Manuella lorúkọ rẹ̀.

Àbúrò yín,
Àlàó