Táyà Wa Ti Lọ sí Sókótó

Kòntàgórà,
Ọjọ́rú, 1988.

Bàbá mi,

Ẹ kú ètò ìgbéyàwó mi o. Àlàáfíà ni mo wà, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹta lónìí tí bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Kàdúná ti wà lórí òkúta. Dírẹ́bà ní ilé iṣẹ́ àwọn kò rówó ra táyà mọ́ látìgbà tí ètò SAP tí ìjọba fi há ọrọ̀ ajé mọ́ wa lọ́wọ́ ti dé, táyà bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì márùn-ún ń lò. Wọ́n bá tú tiwa fún èyí tó ń lọ Sókótó. A ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ń tú u! Wọ́n ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù wo?

Gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ló kún. Onítírélà màlúù kan ló gbà láti bá mi mú lẹ́tà yìí wá, ó ní kò sáyè fún èmi. Agbádá ìgbéyàwó kò tíì dọ̀tí púpọ̀; òun ni mo ń dà bora.

Tí ẹ ò bá rí mi ní Sátidé, ẹ má dá àwọn áfáà dúró. Ẹ jẹ́ kí Jàmíù àbúrò mi jókòó dípò mi kí wọ́n so yìgì. Tí wọ́n bá so ó tán, kó dìde o! Kò gbọdọ̀ bá wọn ya fọ́tò.

Ẹ bá mi kí Ìyá àti gbogbo ará àdúgbò wa ní Takie. Ẹ kí Waliyat ìyàwó mi. Ẹ má ka lẹ́tà yìí fún un. Ẹ ṣáà ní mo ti kọjá Jẹ́bbá.

Èmi ọmọ yín,
Mìkáílù.